Orúkọ Tí Ń Padà Wá: Ìjì, Orúkọ àti Ìrántí ní Ìkirè àti Àpòmù

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí fi yé ọmọ Yorùbá pé orúkọ ní ìdí, ó sì ní ìtàn. Ohun tí kì í sábà wá sí ọkàn ẹni tí ó ń pa òwe náà ni pé ìjì pẹ̀lú ń jẹ́ orúkọ ní àwọn ilẹ̀ kan. Ní etí Òkun Àtìláńtíìkì, ìjì ń jẹ́ Katrina, ó ń jẹ́ Ivan, ó ń jẹ́ Fred. Ìjì kan lè jà kí ó sì rọlẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ tún padà wá sára ìjì mìíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, bí ìgbà tí bàbá ìdílé kan bá papò dà tí wọ́n sì sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Babátúndé.

Ní Ìkirè àti Àpòmù, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjì ń jà níbẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo: ìjì. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tí orúkọ ń ṣe fún ìrántí, ohun tí ó ń sọnù bí ìjì púpọ̀ bá ń jẹ́ orúkọ kan láìsí ìyàtọ̀, àti ohun tí olùkọ́ lè ṣe sí i.

Ìjì ní ìlú méjì tí ó fara kínra

Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irewọlé, Àpòmù sì ni ti Ìsọ̀kan, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú méjèèjì fara kínra tó bẹ́ẹ̀ tí àlejò fi lè rìn láti inú ọ̀kan bọ́ sí inú èkejì láìfura. Síbẹ̀, Akirè ni ọba Ìkirè, Alápòmù sì ni ọba Àpòmù. Ọmọ Àpòmù kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní ọmọ Ìkirè. Ìjì nìkan ni kò mọ ààlà yìí.

Ní àkókò òjò àkọ́rọ̀, láàrin oṣù Ẹrẹ́nà sí oṣù Èbìbí, ojú ọ̀run a ṣú dẹ̀dẹ̀ ní ìlà-oòrùn, ní apá ibi tí Gbọ̀ngán àti Ifẹ̀ wà. Atẹ́gùn a kọ́kọ́ dákẹ́, ooru a mú, ewé kò ní mì. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù a rọ́ dé pẹ̀lú eruku, òjò a sì tẹ̀lé e. Kò ju bí wákàtí kan lọ nígbà mìíràn tí ohun gbogbo ti parí, tí ìjì náà ti kọjá lọ sí apá Ìbàdàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí nígbà òjò àrọ̀kúrò, ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti oṣù Ọ̀wàrà, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó wọlé.

Àkókò náà kúrú, ṣùgbọ́n ìpalára rẹ̀ kì í kúrú. Páànù a ṣí kúrò lórí ilé, pàápàá ilé tí igi òrùlé rẹ̀ ti gbó. Ẹ̀ka kòkó a ya. Ọgẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ burú jù. Igi ọgẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi líle. Gbòǹgbò rẹ̀ kò wọlẹ̀ jìnnà, odó rẹ̀ rọ̀, èso rẹ̀ sì wúwo lórí rẹ̀. Nítorí náà, èyí tí ó ti so gan-an ni ẹ̀fúùfù máa ń bì lulẹ̀. Gbogbo arìnrìn-àjò tí ó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ó mọ dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n ń fi ọgẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n rà àti ata ṣe. Èso tí ìjì já lulẹ̀ kí ó tó gbó kò lè pọ́n bí ó ti yẹ, kò sì wúlò fún dòdò náà. Àdánù àgbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan a di àdánù ìyá oníṣòwò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà.

Bí ọmọdé bá wá bi àgbà léèrè ìgbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ ni "ọdún tí ìjì jà" tàbí "ìgbà ìjì yẹn." Ìjì wo nínú gbogbo wọn? Ẹni tí ó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n láéláé, nítorí pé ìjì tí ó jà ṣáájú rẹ̀ àti èyí tí ó jà lẹ́yìn rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Ogun ní orúkọ

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ bí a ti ń sọ àjálù lórúkọ. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Àpòmù fúnra rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní 1921, ṣàlàyé pé ìjà lórí atáare ní ọjà yìí wà lára ohun tí ó fa ogun tí ó run ìlú Òwu ní àwọn ọdún 1820. Títí di òní, Ogun Òwu ni orúkọ ogun náà. Ní 1878, ogun mìíràn lé àwọn ọmọ-ogun já lu odò Ọ̀tìn nítòsí Ìkìrun. Wọ́n sọ ọ́ ní Jálumi. Èyí tí ìró ìbọn rẹ̀ ń dún kiriji láàrin Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà lórí rẹ̀ ní 1886, ni Kírìjì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ọgbọ́n inú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ọ̀kan gba orúkọ lára ìlú tí ó pa run, ọ̀kan lára ìṣe àwọn tí ń sá, ọ̀kan lára ìró tí etí gbọ́. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ Jálumi kí ó rò pé Kírìjì ni. Nítorí orúkọ yìí ni ọmọ iléèwé gírámà òde òní fi lè sọ nǹkan nípa ogun tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ kan náà lè má mọ ohunkóhun nípa ìjì tí ó ṣí ilé bàbá àgbà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ìjì lórúkọ ní òkè òkun

Kí sáyẹ́ǹsì tó gbilẹ̀, ọjọ́ ni àwọn ará erékùṣù Puerto Rico fi ń sọ ìjì lórúkọ. Nínú ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ń ṣe, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni mímọ́ tirẹ̀. Ìjì tí ó bá jà ní ọjọ́ kan a gba orúkọ ẹni mímọ́ ọjọ́ náà. Èyí kò lè ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá tí ó mọ Abíọ́dún, Abọ́sẹ̀dé àti Béjídé. Ọdún ni ó fún ẹni àkọ́kọ́ lórúkọ, ọ̀sẹ̀ fún èkejì, òjò tí ó ń rọ̀ nígbà ìbí sì fún ẹ̀kẹta. Òjò ń fún ọmọ lórúkọ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń fún òjò ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 13, oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, 1876, ìjì ńlá kan jà ní Puerto Rico. Wọ́n sọ ọ́ ní San Felipe. Ní ọjọ́ kan náà gan-an ní 1928, òmíràn tún dé. San Felipe náà ni, wọ́n sì fi "Ẹ̀kejì" kún un, bí a ti ń ya ọba méjì tí ó jẹ́ orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Ìjì ti 1928 yìí kọjá sí Florida ní Amẹ́ríkà, ó ti omi adágún Okeechobee lu àwọn abúlé, ó kéré tán ó sì pa 2,500 ènìyàn níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tí ń ṣiṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Ní Florida, ìjì Okeechobee ni wọ́n ń pè é. Báyìí ni ìjì méjì ṣe jẹ́ orúkọ kan, tí ọ̀kan nínú wọn sì tún jẹ́ orúkọ méjì.

Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Clement Wragge, onímọ̀ ojú-ọjọ́ ní Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ènìyàn sọ ìjì. Àwọn olóṣèlú tí ọ̀rọ̀ wọn kò wọ̀ pẹ̀lú tirẹ̀ wà lára àwọn tí ó fi orúkọ wọn sọ ọ́. Ní 1953, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ obìnrin sọ ìjì Òkun Àtìláńtíìkì. Ní 1979, wọ́n fi orúkọ ọkùnrin kún un. Ìdí rẹ̀ kò le. Nígbà kan rí, nọ́ńbà ibi tí ìjì wà lórí àwòrán ayé ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Bí ìjì méjì bá jà lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà a dàrú mọ́ ara wọn, ìkìlọ̀ ọ̀kan a sì di ti èkejì. Orúkọ kúkúrú rọrùn láti pè lórí rédíò, ó rọrùn fún atukọ̀ láti gbọ́, ó sì rọrùn fún ìyá ọlọ́mọ láti rántí.

Ní òde òní, Àjọ Ojú-Ọjọ́ Àgbáyé ni ó ń bójú tó àtòjọ orúkọ wọ̀nyí. Mẹ́fà ni àtòjọ ti Àtìláńtíìkì, orúkọ 21 ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń lo ọ̀kan lọ́dún kan, nítorí náà àtòjọ kan náà a padà wá lẹ́yìn ọdún mẹ́fà. Ìjì kò ní orúkọ àfi bí agbára ẹ̀fúùfù rẹ̀ bá dé kìlómítà 63 ní wákàtí kan. Bí ó bá dé 119 ni wọ́n tó ń pè é ní họ́ríkéènì. Lẹ́tà A ni ti àkọ́kọ́, B ni ti èkejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tò ó lọ.

Ẹni tí ó bá wo ètò yìí dáadáa yóò rí i pé orúkọ àmútọ̀runwá ni. Bí ìbejì bá dé, Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń dúró dè wọ́n; ẹni tí ó tẹ̀lé wọn ni Ìdòwú, Àlàbá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ipò tí ọmọ wá sí ni ó sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjì wọ̀nyí. Wọn kò wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́. Orúkọ ti wà nílẹ̀ kí ẹni tí yóò jẹ́ ẹ tó dé.

Orúkọ tí wọ́n fà sẹ́yìn

Ìjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà kì í dọ́gba níwà. Katrina ti 1981 jà ní Kúbà, kò sì gbé orúkọ jìnnà. Katrina ti 1999 kò lágbára rárá. Katrina ti 2005 ni ó ba ìlú New Orleans jẹ́, tí ó pa ènìyàn tí ó ju 1,300 lọ. Láti ọdún náà, kò sí ìjì kan ní Òkun Àtìláńtíìkì tí yóò tún jẹ́ Katrina mọ́. Katia ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Òfin àjọ náà ni pé orúkọ tí ó bá pa ènìyàn púpọ̀ tàbí tí ó ba nǹkan jẹ́ kọjá ààlà ni wọn yóò fà sẹ́yìn. Ìtọ́jú ọ̀fọ̀ ni: kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú má baà gbọ́ orúkọ náà lórí rédíò lẹ́yìn ọdún mẹ́fà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó sún mọ́ ilé. Ìjì mẹ́ta ni ó ti jẹ́ Ivan, ní 1980, 1998 àti 2004. Ti 2004 ba erékùṣù Grenada jẹ́. Wọ́n fa Ivan sẹ́yìn, Igor sì rọ́pò rẹ̀. Igor jà ní 2010, ó ṣọṣẹ́ ní Kánádà. Wọ́n fà á sẹ́yìn, Ian sì rọ́pò rẹ̀. Ian ti 2016 kò kan ilẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n Ian ti 2022 pa ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ní Florida. Wọ́n fa òun náà sẹ́yìn. Orúkọ tí wọ́n yàn dípò rẹ̀ ni Idris. Bí ìjì Òkun Àtìláńtíìkì bá pé mẹ́sàn-án ní 2028, Idris ni ẹ̀kẹsàn-án yóò máa jẹ́. Àwọn ọmọ tí ń jẹ́ Idris kò ṣọ̀wọ́n nínú kíláàsì ní Ìkirè àti Àpòmù. Yóò jọ wọ́n lójú láti gbọ́ orúkọ wọn nínú ìròyìn ojú-ọjọ́, ó sì yẹ kí olùkọ́ wọn lè ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ náà kò ṣe ibi kankan, àtòjọ ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Níhìn-ín, ènìyàn lè béèrè bóyá ọgbọ́n ni ó mú kí Yorùbá má sọ ìjì lórúkọ. À kì í pe ejò ní ejò lóru. Okùn ni à ń pè é. Ilẹ̀gbígbóná ni àwọn àgbà ń pe àrùn tí wọn kò fẹ́ dárúkọ. Ìjì sì jẹ́ ti Ọya, ẹni tí a kì í fi ṣeré. Ìbéèrè yìí ní ìwúwo. Ẹni tí ó yẹra fún orúkọ ohun búburú àti àjọ tí ó fa Katrina sẹ́yìn ń ṣe ohun tí ó jọra: wọ́n ń dáàbò bo ọkàn ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàrin wọn. Orúkọ tí wọ́n fà sẹ́yìn ti wà nínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ọ̀nà tí ó gbà àti iye òkú rẹ̀. Bákan náà ni Yorùbá ṣe tọ́jú orúkọ Gáà, Baṣọ̀run Ọ̀yọ́, sínú òwe kí ìkà lè rí i kọ́gbọ́n. Ìjì tí kò ní orúkọ kò ní òwe, kò sì ní ìwé.

Ìjì ilé àti ìjì òkun

Ó lè jọ pé ìjì Amẹ́ríkà kò kan Ìkirè. Ẹbí ni wọ́n. Lọ́dọọdún, ìgbì afẹ́fẹ́ bí 60 ń gba orí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọjá láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ooru aṣálẹ̀ Sàhárà àti ìtutù etíkun Gíní ni ó ń bí wọn. Wọ́n ń bọ́ sórí òkun ní apá Sẹ̀nẹ̀gà àti Gíní, wọ́n sì ń forí lé Cape Verde. Bí wọ́n bá bá omi òkun tí ó gbóná tó ìwọ̀n 26.5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, díẹ̀ nínú wọn a yí po, wọn a di ìjì olórúkọ. Nínú họ́ríkéènì ńláńlá Àtìláńtíìkì, bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ti ibẹ̀ wá. Ní 2015, ìjì tí ń jẹ́ Fred kò tilẹ̀ dúró kí ó jìnnà. Ó ti di họ́ríkéènì nígbà tí ó dé Cape Verde, irú èyí tí wọn kò rí níbẹ̀ láti 1892.

Ìjì Ìkirè kò lè di họ́ríkéènì, nítorí pé orí ilẹ̀ ni ó wà, kò sì rí omi gbígbóná tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà-oòrùn kan náà ni àwọn àti àwọn ẹbí wọn ti ń wá. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà mọ ìjì ọ̀hún nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀: Ọya ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ti ń pè é nílé.

Ìjì kò sì nílò kí ó di họ́ríkéènì kí ó tó lórúkọ. Láti 2015 ni Bìrìtìkó àti Áyálándì ti ń sọ ìjì ilẹ̀ wọn lórúkọ.

Orúkọ kan, àjálù púpọ̀: àpẹẹrẹ Ìbàdàn

Ìbàdàn kò jìnnà sí Ìkirè, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ṣe kedere. Odò Ògùnpa kún bo ilé ní 1960, ní 1963 àti ní 1978. Ní ọjọ́ 31, oṣù Ògún, 1980, ó kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ènìyàn tí ó ju 200 lọ ni ó kú. Omíyalé ni àwọn ènìyàn pe àjálù náà. Ní ọjọ́ 26, oṣù Ògún, 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀ ní Ìbàdàn, àwọn odò kún, ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ sì bá a lọ. Omíyalé náà ni wọ́n tún pè é.

Orúkọ yìí ṣe iṣẹ́ kan: ó jẹ́ kí àwọn tí ó rántí 1980 tètè mọ bí ti 2011 ti le tó. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn méjèèjì, Omíyalé ti di ọ̀rọ̀ lásán fún omi tí ó bá wọlé. Orúkọ kan ti gbé àjálù púpọ̀ mì. Ohun tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọdún tí a bá kọ mọ́ ọn, bí àwọn ará Puerto Rico ti fi "Ẹ̀kejì" kún San Felipe.

Iṣẹ́ olùkọ́

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ọwọ́ olùkọ́ ni ó kù sí. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí wọ́n bá rán lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìkirè tàbí Àpòmù nígbà òjò lè sọ ìjì di ẹ̀kọ́ àròkọ. Lẹ́yìn ìjì kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé: ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, apá ibi tí ó ti wá, ohun tí ó bàjẹ́ ní àdúgbò, àti ọ̀rọ̀ àgbà kan tí ó rí i. Kí kíláàsì wá sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn baba ńlá ti sọ ogun, láti inú ohun tí ó ṣe tàbí ìró tí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì fi ọdún kún un. Kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ènìyàn sọ ọ́, pàápàá bí òkú bá wà níbẹ̀.

Ó tún yẹ kí kíláàsì kan ní Ìkirè àti kíláàsì kan ní Àpòmù fi ìwé wọn wé ara wọn. Wọn yóò rí i pé ìjì kan náà ni ìlú méjèèjì ti ń sọ bí ẹni pé ti ìlú tirẹ̀ nìkan ni. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá pé ọdún mẹ́wàá, yóò sọ ọ̀sẹ̀ tí ìjì máa ń dé, ẹ̀gbẹ́ òrùlé iléèwé tí ó yẹ kí wọ́n kàn mọ́lẹ̀ dáadáa, àti ibi tí ó yẹ kí wọ́n gbin igi sí láti dá ẹ̀fúùfù dúró. Àgbẹ̀ ọlọ́gẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ọ̀pá ti èyí tí ó ti so.

Àgbálọgbábọ̀

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ìlú tí kò ya ìjì kan sọ́tọ̀ sí òmíràn kò ní ẹ̀yìn tí yóò wò nígbà tí òmíràn bá dé. Bí ìjì méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan, kò burú, níwọ̀n ìgbà tí ẹnìkan bá mọ èyí tí ó ṣí òrùlé àti èyí tí ó kàn mi ewé lásán. Yorùbá ní àmútọ̀runwá, wọ́n ní àbísọ, wọ́n sì ní ọgbọ́n tí ó sọ Jálumi àti Kírìjì lórúkọ. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n na ọgbọ́n yìí dé ọ̀dọ̀ ìjì, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọmọ tí ó ń ka ìwé lábẹ́ páànù ní Ìkirè àti Àpòmù. Òjò àkọ́rọ̀ kì í pẹ́ dé. Kí ìwé ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé.